Kí ló mú yttrium wọ ẹgbẹ́ àwọn rare earth tó wúwo?

Tíṣà Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Mo ń ṣètò ẹ̀kọ́ lórí àwọn rare earth, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn irin kan lórí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì kẹ́mísírì, fún kíláàsì mi, ọ̀rọ̀ wọn sì ti lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fẹ́ràn àti máa béèrè “kí ló dé”, n kò sì fẹ́ kọ ohun tí kò yé èmi fúnra mi sójú pátákó.

Ìwé tí mò ń lò pín wọn sí méjì, àwọn tó fúyẹ́ àti àwọn tó wúwo. Lanthanum dé europium ló fúyẹ́, gadolinium dé lutetium ló wúwo. Ìyẹn yé mi, nọ́ńbà ń gòkè, ìwúwo náà ń gòkè. Àfi bí mo ṣe ṣí ojú ewé kejì tí mo bá yttrium láàárín àwọn tó wúwo. Yttrium kẹ̀? Nọ́ńbà rẹ̀ lórí àtẹ jẹ́ 39, ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tó 89, bẹ́ẹ̀ lanthanum tí wọ́n ní ó fúyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 139. Kódà bí a bá gbé irin wọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, 1 cm³ yttrium kò tó gíráàmù 4.5, ti lanthanum sì lé ní 6. Kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an?

Èkejì: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Ṣáínà kéde pé rare earth méje kan kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ wọn mọ́ láìsí ìwé àṣẹ. Wọ́n pè wọ́n ní “ti àárín àti tó wúwo”. Àwọn náà ni samarium, gadolinium, terbium, dysprosium, lutetium, scandium àti yttrium. Nínú ìwé tèmi, samarium wà lára àwọn tó fúyẹ́. Scandium ńkọ́, tí ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ju 45 lọ?

Ẹ̀kẹta: mélòó ni gbogbo wọn? Mo ti rí 14, mo ti rí 15, 16 àti 17.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé “bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn”. Ìdí rẹ̀ ni mò ń wá.

Jagunlabí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Gbogbo irin tó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n fi ń ṣe fóònù àti bátìrì ni rare earth: lithium, cobalt, neodymium, tantalum àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníròyìn ló ń pín wọn bó ṣe wù wọ́n.

Ìyá Láàbù

Jagunlabí, rọra. Lithium kò sí níbẹ̀. Cobalt kò sí níbẹ̀. Tantalum náà kò sí níbẹ̀. Ìjọba lè kó gbogbo wọn sínú ìwé kan pé ilé iṣẹ́ kò lè ṣe kí wọ́n má ní wọn, ọ̀rọ̀ òwò nìyẹn, kì í ṣe kẹ́mísírì. Lithium wà ní òpó kìíní àtẹ, tantalum ní òpó karùn-ún, cobalt ní òpó kẹsàn-án. Nínú mẹ́rin tí o dárúkọ, neodymium nìkan lo gbà.

Tíṣà, iṣẹ́ tí mò ń jẹ ni kí n máa fi ásíìdì yọ́ òkúta, kí n sì fi ẹ̀rọ ICP-MS, tó ń fi iná sọ átọ́ọ̀mù di áyọ́nù, tó sì ń fi ìwúwo dá wọn mọ̀, ka iye rare earth tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má retí pé n óò sọ ọ́ bí ìwé ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ìbéèrè kẹta ló rọrùn jù.

17 ni wọ́n. IUPAC, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin orúkọ nínú kẹ́mísírì, kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn ti ọdún 2005: scandium, yttrium, àti àwọn 15 tó tò láti nọ́ńbà 57 dé 71. Ẹni tó bá ka 16, ó ti yọ scandium sọnù. Ẹni tó bá ka 15, àwọn ìlà 57 dé 71 nìkan ló ń wò. Àwa tí à ń ka òkúta sì máa ń rí 14 nínú ìlà yẹn, torí pé promethium máa ń fọ́ dànù fúnra rẹ̀, kì í ṣẹ́kù sínú òkúta débi tí a lè wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, ohun tí kálukú ń kà ló yàtọ̀.

Ó wá ku yttrium. Ẹ gbàgbé ìwúwo pátápátá. Òkúta kò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, ásíìdì náà kò ní. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wò lára átọ́ọ̀mù: ẹlẹ́kítírọ́nù mélòó ló ti sọ nù, àti báwo ni áyọ́nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó kù lẹ́yìn tí àwọn yẹn ti sọ nù, ṣe tóbi tó. Gbogbo àwọn 17 yìí ló sì fẹ́ràn àti sọ ẹlẹ́kítírọ́nù mẹ́ta nù kí wọ́n di 3+. Ìdí nìyẹn tí ìyà fi jẹ àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún 1794 ni Johan Gadolin, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti rí ọ́kísáìdì tuntun (irin tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn) nínú òkúta dúdú kan tó wá láti Ytterby ní Sweden; ọdún 1907 ni lutetium tó fara hàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń tú ìdì kan. Bí iye ẹlẹ́kítírọ́nù tí wọ́n sọ nù bá ti dọ́gba, títóbi ló kù tí a fi lè dá wọn mọ̀.

Láti lanthanum lọ sí lutetium, bí pírótọ́nù kan ṣe ń kún kókó átọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́nù kan ń kún ìpele 4f, ọ̀kan lára àwọn ibùgbé ẹlẹ́kítírọ́nù nínú átọ́ọ̀mù. Ìpele 4f yìí dà bí àwọ̀tẹ́lẹ̀: òun ló ń yí padà, aṣọ tí àwọn átọ́ọ̀mù mìíràn ń rí lóde kò yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́kítírọ́nù 4f kò mọ bí a ti í bo kókó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí pírótọ́nù ṣe ń pọ̀ sí i, kókó ń fa àwọn ẹlẹ́kítírọ́nù tó kù mọ́ra, áyọ́nù náà sì ń súnkì. Níbi tí ọ́síjìn mẹ́jọ bá ti yí i ká nínú kírísítà, ìwọ̀n La³⁺ láti àárín dé etí jẹ́ píkómítà 116 (píkómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mìlímítà), Gd³⁺ jẹ́ 105.3, Lu³⁺ jẹ́ 97.7. Àárín ẹnìkan sí ẹnìkejì kò tó píkómítà méjì, ohun tó sì ń yà wọ́n kò ju ìyẹn lọ.

Yttrium kò ní 4f kankan. Ó jókòó ní ìlà tó wà lókè lanthanum, ó sì yẹ kó kéré sí i. Ó kéré lóòótọ́: píkómítà 101.9. Ẹ wá wo àwọn tó ń gbé ládùúgbò yẹn: dysprosium 102.7, holmium 101.5. Súnkì tí mo sọ yẹn ló gbé dysprosium àti holmium wá bá yttrium níbi tó wà. Kírísítà tó bá ní àyè fún holmium ní àyè fún yttrium, kì í bi í pé nọ́ńbà mélòó ni ọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú mi lójoojúmọ́. Bí mo bá pín iye yttrium inú òkúta fún iye holmium inú rẹ̀, nǹkan bí 28 ló máa ń jáde. 28 ló wà nínú àwọn chondrite, ìyẹn àwọn òkúta àtijọ́ tó ń já bọ́ láti òfuurufú, ọ̀pọ̀ òkúta tó ti inú ooru ilẹ̀ jáde kò sì jìnnà sí i. Wọ́n ti yọ́, wọ́n ti dì, wọ́n tún ti yọ́, àwọn méjèèjì kò tíì fi ara wọn sílẹ̀. Bí sáḿpù basalt kan, òkúta dúdú tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde, bá fún mi ní 20, ẹ̀rọ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà ẹni tó po ásíìdì. (Omi òkun lè yà wọ́n díẹ̀, nọ́ńbà náà á fò sókè gan-an, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì omi òkun tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ wo fọ́sífeètì náà, ìyẹn irin tó so pọ̀ mọ́ phosphorus àti ọ́síjìn. Bí ẹ bá mú lanthanum tàbí neodymium, kí ẹ fi ṣe fọ́sífeètì, kírísítà monazite lẹ máa rí, níbi tí ọ́síjìn mẹ́sàn-án ti ń yí irin ká. Ẹ máa bá a lọ ní ìlà títí dé gadolinium, monazite ni. Bí ẹ bá dé terbium, àyè mẹ́sàn-án ti fẹ̀ jù fún un. Kírísítà á yí padà di irú xenotime, tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Láti ibẹ̀ dé lutetium kò yí padà mọ́. Fọ́sífeètì yttrium ńkọ́? Xenotime ni. Kódà òun gan-an ni irin tó pọ̀ jù nínú òkúta tí à ń pè ní xenotime. Èyí ni mo kà sí ìdáhùn yín: yttrium wà pẹ̀lú àwọn tó wúwo nítorí pé inú òkúta kan náà la ti ń bá wọn. Ẹni tó fún wọn ní orúkọ “tó wúwo” ló ṣì wá lọ́nà, ìbá ti pè wọ́n ní “àwọn kékeré”.

Samarium. Ibí yìí ni èmi àti àwọn onílé iṣẹ́ kì í ti í sọ èdè kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdí tiwọn, ó sì dùn mọ́ mi. Òróró kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fa rare earth jáde kúrò nínú omi ásíìdì, àwọn áyọ́nù kéékèèké sì máa ń wọ inú òróró ju àwọn ńlá lọ. Iyàtọ̀ tó wà láàárín aládùúgbò méjì kéré gan-an, nítorí náà wọ́n ní láti tún un ṣe léraléra nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbá tó tò tẹ̀ léra. Ibo ni ẹ rò pé wọ́n ti máa kọ́kọ́ gé ìlà náà? Ibi tí àlàfo bá ti fẹ̀ jù. Neodymium jẹ́ 60, samarium jẹ́ 62. Promethium tó yẹ kó wà láàárín wọn kò sí, torí náà ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbi tí ìgbésẹ̀ kan máa ń wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gé. Lanthanum dé neodymium á lọ sí ọ̀nà kan, samarium sì á di olórí àwọn tó kù. Wọ́n máa ń kó samarium, europium àti gadolinium pọ̀ sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní SEG, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní “ti àárín”. Nítorí náà, ìwé ìjọba Ṣáínà yẹn ń sọ èdè ilé iṣẹ́, ìwé tiyín ń sọ èdè kíláàsì.

Scandium, ẹ fi í sílẹ̀. Píkómítà 87 ni, ó kéré jù fún gbogbo wọn. Nínú òkúta, iron àti magnesium ló máa ń bá rìn nínú irú kírísítà tí wọ́n ń pè ní pyroxene, kì í bá lanthanum ṣeré. Òpó kẹta ló jẹ́ kó jẹ́ rare earth, kò fúyẹ́, kò wúwo. Nínú àkójọ tí ẹ tọ́ka sí, wọ́n kàn kó o mọ́ wọn ni.

Bàbá Mole

Ìyá Láàbù, ẹ kú làákàyè. Díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un, mo sì fẹ́ bá yín jiyàn níbì kan.

Àfikún náà ni pé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ 4f ni wọ́n ti pín àwọn irin yìí. Wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ sínú omi, wọ́n á da sodium sulphate sí i. Àwọn kan á silẹ̀ bí ìyẹ̀fun, àwọn kan á dúró nínú omi. Àwọn tó silẹ̀ ni wọ́n pè ní ẹgbẹ́ cerium, àwọn tó dúró nínú omi ni wọ́n pè ní ẹgbẹ́ yttrium. Nítorí náà Tíṣà, kì í ṣe yttrium ló yọ́ wọ ilé àwọn tó wúwo o. Òun ló nilé. Nínú ọ́kísáìdì tí Gadolin rí yẹn ni Mosander, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, ti fa erbium àti terbium yọ ní 1843, lẹ́yìn rẹ̀ ni ytterbium, holmium, thulium, dysprosium àti lutetium ti inú ilé kan náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé kejì ni ti cerium, tí Berzelius àti Hisinger rí ní 1803, tí Klaproth náà sì rí ní tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Níbẹ̀ ni lanthanum ti jáde ní 1839, àti ohun tí Mosander pè ní didymium. Wọ́n ka didymium sí ẹ́límẹ́ǹtì fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí Auer von Welsbach fọwọ́ kàn án ní 1885, ó pín sí méjì: praseodymium àti neodymium.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ kò mọ ìyà. Charles James, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, sọ thulium di mímọ́ ní 1911. Kírísítà bromate ló ń dì, tó ń tú, tó tún ń dì, nígbà bí 15,000.

Àríyànjiyàn mi rèé. Ìyá Láàbù sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlẹ́kítírọ́nù 4f kò já mọ́ nǹkan kan ju pé ó ń mú kí áyọ́nù súnkì. N kò gbà. Ìpele 4f gba ẹlẹ́kítírọ́nù 14. La³⁺ kò ní ọ̀kan, Gd³⁺ ní 7, Lu³⁺ ní 14. Láti lanthanum dé gadolinium, ẹlẹ́kítírọ́nù tuntun kọ̀ọ̀kan ń rí yàrá tirẹ̀ gbà, kò sí ẹni tó ní ẹnìkejì. Láti terbium lọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín yàrá. Ìyẹn ni ìlà tó ní ìdí nínú átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn gadolinium ló sì bọ́ sí. Ìwé tó bá gé e sẹ́yìn europium, ó gé e kí ó tó débẹ̀ ni. Gadolinium tí wọ́n ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kí ẹ̀rọ MRI lè rí inú ara rẹ̀ dáadáa, ẹlẹ́kítírọ́nù 7 tí kò ní ẹnìkejì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe píkómítà.

Ní ti òpó kẹta, Tíṣà, àwọn ọmọ yín máa béèrè pé ta ló wà lábẹ́ yttrium, lanthanum ni àbí lutetium. Ìjà àgbàlagbà ni. Ìgbìmọ̀ kan tí IUPAC gbé kalẹ̀, tí Eric Scerri ṣe olórí rẹ̀, gbé àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2021, wọ́n sì fi sí ti lutetium. Èmi náà fi sí i. Bó ti wù kí wọ́n tò ó, kò yọ ẹnì kankan nínú 17.

Tíṣà Kékeré

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, sà. Yttrium ti yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ní gbogbo wọn ló ń di 3+. Ìwé mi kọ Ce⁴⁺ àti Eu²⁺ síbẹ̀ gbàgàdà. Ṣé àwọn méjì yìí kò ní da ìpín náà rú?

Ìyá Láàbù

Wọ́n ń da á rú, ẹ̀bùn ni ìdàrúdàpọ̀ náà sì jẹ́ fún àwa tí à ń ka òkúta. Bàbá Mole náà á rẹ́rìn-ín síbí, torí níbi europium mo gbà fún wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ya gíráàfù wa. Nọ́ńbà tó bá jáde láti inú òkúta nìkan kì í sọ̀rọ̀, torí pé àwọn tí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù wọn ṣeé pín sí méjì máa ń pọ̀ ju àwọn tó yí wọn ká lọ. Cerium 58 á ga, praseodymium 59 á wálẹ̀, neodymium 60 á tún ga, bí eyín ayùn. Inú ìràwọ̀ ni ìyẹn ti wá, kì í ṣe ẹjọ́ òkúta. Nítorí náà a máa ń pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fún ti chondrite, ayùn náà á di ìlà tó ń yọ̀ lọ geere láti lanthanum dé lutetium. Ẹnikẹ́ni tí kò bá wà lórí ìlà yẹn ti ṣe nǹkan tí àwọn yòókù kò ṣe.

Europium ló máa ń ṣe é jù. Bí Eu bá sọ ẹlẹ́kítírọ́nù méjì péré nù, 7 ló kù sí 4f rẹ̀, ìdajì gẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Eu²⁺ tóbi, ó jẹ́ píkómítà 125, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú strontium tó jẹ́ 126. Plagioclase, òkúta funfun tó kún fún calcium, máa ń gba strontium wọlé, ó sì máa ń gba Eu²⁺ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, á ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn 3+ tó kù. Níbi tí plagioclase bá kó ara jọ sí, europium á yọ sókè lórí gíráàfù. Níbi tí plagioclase bá ti kúrò, á jìn wọnú kòtò.

Ní 1969, Apollo 11 kó òkúta òṣùpá wálé. Àwọn òkúta dúdú ibẹ̀ ní kòtò europium. Àwọn òkúta funfun orí òkè òṣùpá ní òkìtì europium. Ibi tí ọ̀kan jìn sí ni èkejì ga sí! Àlàyé tí àwọn onímọ̀ dì mú ni pé òṣùpá ti fìgbà kan jẹ́ òkun òkúta yíyọ́, plagioclase fúyẹ́, ó léfòó, ó kó europium lọ sókè, èyí tó kù nísàlẹ̀ ló wá di òkúta dúdú. Ẹ́límẹ́ǹtì kan péré tó kọ̀ láti dá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ gbogbo ìtàn yẹn.

Cerium kò tó bẹ́ẹ̀ ní dídùn. Nínú omi òkun tí ọ́síjìn wà, ó ń sọ ẹlẹ́kítírọ́nù kẹrin nù, Ce⁴⁺ á lẹ̀ mọ́ àwọn èèpá manganese àti iron tó wà nísàlẹ̀ òkun, omi á sì ṣaláìní in. Kòtò cerium nínú omi, òkìtì cerium nínú èèpá. Ó tán.

Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ mú àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ mi nìkan ló ń wo ìwúwo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà sì ni wọ́n ń tàn jẹ. Praseodymium jẹ́ 141. Bí ọ́síjìn 16 bá lẹ̀ mọ́ ọn nínú iná ẹ̀rọ, ó di 157, ẹ̀rọ á ní gadolinium ni. Barium 137 pẹ̀lú ọ́síjìn di 153, ẹ̀rọ á ní europium ni. Kí ẹnikẹ́ni tó mú òkìtì europium wá fi hàn mí, barium ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Bàbá Mole, ní ti gadolinium, mo gbà pé ìdajì 4f jẹ́ ìlà tòótọ́ fún ẹni tó ń ṣe oofa tàbí tó ń wo àwọ̀. Fọ́sífeètì tèmi náà yí padà níbẹ̀, bóyá ẹ ti ṣàkíyèsí. Ṣùgbọ́n títóbi ló yí i padà. Bí ẹ bá tẹ monazite àti xenotime mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tàbí kí ẹ yí ooru padà, ìlà yẹn á sún. Ìdajì 4f kì í sún.

Jagunlabí

Ìyá, ẹ ṣé fún ìbáwí náà. Mo rí i kà pé uranium àti thorium máa ń wà nínú monazite. Ṣé àwọn náà jẹ́ rare earth ni?

Bàbá Mole

Rárá o. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Thorium ń sọ ẹlẹ́kítírọ́nù mẹ́rin nù, ó wà ní ìlà tó wà nísàlẹ̀, níbi tí 5f ti ń kún. Glenn Seaborg ló dá a lábàá láàárín 1944 sí 1945 pé kí wọ́n fa ìlà yẹn jáde kó dúró lábẹ́ ìlà lanthanum. Ohun tí thorium ń ṣe nínú monazite ni pé ó jẹ́ kí ìdọ̀tí tó kù lẹ́yìn ìwakùsà máa tàn ìtànṣán tó léwu, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń mú iṣẹ́ rare earth nira. Ní ti ẹbí, kò sí.

Tíṣà Kékeré

Ìbéèrè ìkẹyìn nìyí, mà. Bí ẹ bá jẹ́ èmi, báwo lẹ ṣe máa yà á sójú pátákó? Kí ni mo máa ṣe fún promethium?

Ìyá Láàbù

Ìlà kan gbọọrọ ni n óò yà, láti òsì lanthanum 116 dé ọ̀tún lutetium 97.7, kálukú níbi tí títóbi rẹ̀ bá gbé e sí. N óò kọ yttrium sáàárín dysprosium àti holmium, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mìíràn kí wọ́n lè rí i pé àlejò ni. Scandium á wà lókèèrè lọ́wọ́ ọ̀tún, ní òun nìkan.

Ẹ kọ promethium sí ipò rẹ̀, 61, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú àmì rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọdún 1945 ni wọ́n tó rí i ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, nínú ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí uranium fọ́. Irú rẹ̀ tó pẹ́ jù láyé, ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bí ọdún 18. Ẹ má wá ti neodymium àti samarium mọ́ra láti fi dí àyè rẹ̀ o. Mo ti rí gíráàfù tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà tó yẹ kó yọ̀ geere wá tẹ̀ kọ́rọ́ níbẹ̀, ẹni tó yà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí kò sí.

Ní ti “fúyẹ́” àti “wúwo”, ẹ yan ibi kan, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìlà pé “mo gé e lẹ́yìn europium” tàbí “lẹ́yìn gadolinium”, pé yttrium wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí kì í ṣe é. Wọ́n á kàn kọ “àpapọ̀ àwọn tó wúwo”, wọ́n á fi nọ́ńbà kan síwájú rẹ̀, èmi á sì jókòó máa ro ó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí wọ́n kà mọ́ ọn. Yttrium sábà máa ń pọ̀ ju gbogbo àwọn tó wúwo yòókù lọ nínú òkúta kan náà, nítorí náà bí wọ́n bá fi í sínú rẹ̀ tàbí wọ́n yọ ọ́, nọ́ńbà náà lè di ìlọ́po méjì.